January 1914 kì í ṣe ti Lugard nìkan o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ìròyìn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 1914 yìí, àmọ́ Lugard tó so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù lọ́jọ́ kìíní nìkan lẹ ń sọ ṣáá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó ń ná ọ̀nà kan déédéé bíi dáńfó gbéra láti ìlú St. Petersburg lọ sí ìlú Tampa, ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Tony Jannus ló wà á, èrò ẹyọ kan péré ló gbé, Abram Pheil, ọkùnrin yẹn san 400 dọ́là ní gbàǹjo kó tó ráyè jókòó, ìṣẹ́jú 23 ni wọ́n sì fi débẹ̀, orí omi ni wọ́n ti gbéra, orí omi náà ni wọ́n balẹ̀ sí, kò tiẹ̀ sórùlé lórí wọn, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lójú fìì! Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù yẹn, Ford tó ń ṣe mọ́tò l'Amẹ́ríkà ní òun á máa san dọ́là 5 lójúmọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ òun, làwọn tó ń wáṣẹ́ bá ya bo iléeṣẹ́ ẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi rọ́bà panápaná tú omi lé wọn lórí nínú òtútù January, háà. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ẹ ò dárúkọ Noor Inayat Khan, Moscow ni wọ́n bí i sí níbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, amí ni, òun ló ń fi wáyálẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ fáwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì tó pa á ní àgọ́ ìfìyàjẹni wọn ní Dachau lọ́dún 1944.