Tí Google bá yọ ọ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ èèyàn ní Google tó máa bá yín pa nọ́ńbà tàbí orúkọ yín rẹ́. Ó ń dùn mí gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ₦45,000 lọ́wọ́ àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Lọ́dún 2019, ọmọ wọn bá wọn polówó ọjà sórí ìkànnì kan, ó kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, títí dórí nọ́ńbà ilé àti àdúgbò. Ọmọ ti lọ sí Kánádà, ìyá ti gbàgbé, ìpolówó yẹn ò kúrò níbi tó wà. Ló bá di ọdún yìí, àwọn tí wọn ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n láago mọ́kànlá alẹ́, ẹnì kan tiẹ̀ ka àdírẹ́ẹ̀sì ilé sí wọn létí, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ń sùn, obìnrin tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nílé! Ọmọkùnrin tó gbowó yẹn gba fóònù wọn, ó tẹ ibí tẹ ọ̀hún, ó ní ó ti tán. Ohun tó ṣe ò ju pé ó pa àwọn ohun tí àǹtí ti ń wá tẹ́lẹ̀ lórí fóònù yẹn rẹ́, torí náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ wọn, fóònù ò bá wọn parí ẹ̀ mọ́ bó ṣe máa ń ṣe, wọ́n bá rò pé ó ti lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà wọn kan ní Èkó ya ojú fóònù tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, nọ́ńbà wà níbẹ̀ gbọnrangandan, àdírẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Olè lọmọ yẹn, kò sí àwíjàre. Ṣùgbọ́n ohun tó fi rí wọn mú, ọ̀pọ̀ nínú wa náà gbà á gbọ́: pé Google ló ni ohun tá a bá rí lórí Google, tí Google bá sì ti yọ ọ́, ó parí. Irọ́ ni. Ẹni tó ń júwe ilé ni Google, kì í ṣe onílé. Ó ń lọ káàkiri ojú ewé àwọn ẹlòmíì, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, tá a bá wá bi í, á nawọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó má júwe mọ́, ó lè gbà, àmọ́ ilé ò tìtorí ẹ̀ wó, ẹni tó bá mọ ọ̀nà á ṣì dé ibẹ̀, Bing, tóun náà ń bá èèyàn wá nǹkan bíi Google, á sì máa júwe tiẹ̀ lọ torí ọ̀tọ̀ ni ìwé tòun.

Ẹjọ́ tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí fi hàn kedere. Ọkùnrin kan wà ní Sípéènì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ohun tó gbé e dé kóòtù gan-an nìyẹn. Lọ́dún 1998 ìwé ìròyìn La Vanguardia gbé e jáde pé wọ́n fẹ́ lu ilé ẹ̀ ní gbàǹjo torí gbèsè. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ ẹni tó bá tẹ orúkọ ẹ̀ sí Google á rí i. Ó fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, níbẹ̀, wọ́n ní ìwé ìròyìn ò jẹ̀bi torí òfin ló ní kí wọ́n gbé e jáde, Google ni kó yọ ọ́. Google ò gbà, ẹjọ́ dé kóòtù Àjọ Yúróòpù ní Luxembourg, ní May 13, 2014 wọ́n ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí Google yọ irú lìǹkì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ohun tó ń jáde tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ wá a. Ẹ tún un kà: tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ wá a. Kóòtù ò pàṣẹ pé kí ìwé ìròyìn pa ojú ewé tiẹ̀ rẹ́. Ní September 2019, kóòtù yẹn kan náà tún ní òfin Yúróòpù ò sọ ọ́ di dandan fún Google láti yọ irú ẹ̀ káàkiri ayé, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n yọ fún ẹni tó wà ní Madrid, ẹni tó jókòó sí Yaba lè máa rí i. Bó ṣe rí fún ẹni tó jàre ní kóòtù tó ga tó yẹn nìyẹn, kí ni ọmọ tó gba ₦45,000 fẹ́ ṣe?

Ọ̀dọ̀ onílé la ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìkànnì yẹn, mo lọ sísàlẹ̀ pátápátá, mo rí ímeèlì wọn, mo kọ̀wé, mo fi lìǹkì ojú ewé yẹn gan-an sí i, kì í ṣe lìǹkì Google o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin wọ́n ti yọ ọ́. Mo tún wá a lórí Google, ó ṣì ń jáde! Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ojú ewé yẹn ò sí mọ́, ṣùgbọ́n nínú ìlà kékeré méjì tó máa ń wà lábẹ́ lìǹkì, nọ́ńbà àǹtí wà níbẹ̀ lódindi. Àyà wọn tún já. Ohun tí Google ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kò tíì padà lọ wo ibẹ̀ ni. Google ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Refresh Outdated Content, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa lẹ lìǹkì yẹn síbẹ̀, á lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ló ti kúrò, á sì yọ ọ́. Ti àǹtí gba ọjọ́ méjì. Ti Bing, a ṣe é lọ́tọ̀.

Tí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, tàbí tí ò sẹ́ni tó ń dáhùn, ìgbà yẹn ni ká lọ bá ẹni tó ń júwe. Látọdún 2022, èèyàn lè ní kí Google yọ nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti ímeèlì òun, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbà fún nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì àti àwòrán ìhòòhò tí wọ́n gbé síta láìgbàṣẹ. Fọ́ọ̀mù lẹ máa kún, kò sówó kankan. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbà ṣá, tó bá jẹ́ ìròyìn ni tàbí ojú ewé ìjọba, wọ́n lè ní kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London lè lo òfin tibẹ̀, tí Google bá kọ̀ kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ ICO lọ, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà lọ́hùn-ún, àmọ́ kò dájú pé ẹ máa jàre: lọ́dún 2018 oníṣòwò méjì tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí pe Google lẹ́jọ́ ní High Court, adájọ́ kan náà, ọ̀kan jàre, èkejì jẹ̀bi. Nílé níbí, òfin dátà ti 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí ẹni tó ní dátà wa lọ́wọ́ pa á rẹ́ tí kò bá sídìí tó fi yẹ kó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá kọ̀ ká fẹjọ́ ẹ̀ sun Nigeria Data Protection Commission. Ẹ wò ó, ẹni tó ní i lọ́wọ́ ni òfin yẹn náà ń bá wí.

Ti àǹtí ò tíì tán o. Lánàá a tún rí PDF kan, orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ oníṣòwò wọn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, àǹtí ni ẹni kọkànlélọ́gọ́ta. Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá yẹn ò mọ̀ rárá pé gbogbo ayé lè rí i, wọ́n ní ọmọ tó bá àwọn ṣe wẹ́ẹ̀bù ò gbé Ìbàdàn mọ́ àmọ́ àwọn máa wá a rí. Ní báyìí, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àǹtí á pa fóònù wọn.