Ẹ má fi náírà ṣírò owó oṣù Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi kan pè mí láti Èkó lálẹ́ Sátidé. Ó ti ríṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, £42,000 lọ́dún. Kí n tó kí i kú oríire tán, ó ti sọ ọ́ di náírà: "Ẹ̀gbọ́n mi, mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni o!" Ayọ̀ ń gbọ̀n lóhùn rẹ̀. Inú tèmi náà dùn, ṣùgbọ́n mo ní kó lọ mú bírò.

Ìjọba kì í fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́. Nínú ìyókù, wọ́n á yọ ogún pọ́n-ùn lórí ọgọ́rùn-ún fún owó orí, wọ́n á tún yọ mẹ́jọ fún National Insurance, ìyẹn owó ìdójútòfò ìjọba. Ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ lóṣù ò ju bíi £2,800 lọ, a ò sì tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Fúláàtì oníyàrá méjì ládùúgbò mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tó jìnnà sáàárín ìlú, £1,700 ni wọ́n ń pè é. £1,100 ló kù fún ẹni mẹ́rin. Owó káńsù ń bẹ níbẹ̀, iná, gáàsì, omi, ọkọ̀ ojú irin. Wọn ò tíì jẹun o.

Èyí tó dùn mí jù ni owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kó tó wọ bàálù. Yàtọ̀ sí owó fìsà fúnra rẹ̀, àgbàlagbà ń san £1,035 fún ìlera lọ́dún, ọmọdé ń san £776. (Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń lo fìsà òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án.) Fún ọdún mẹ́ta, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á san £10,866, lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ àti mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ń tà nítorí ẹ̀.

Èmi náà ti ṣe irú ìṣirò yẹn rí. Lóṣù kejì tí mo dé, mo fi £300 ránṣẹ́ sílé torí pé owó ńlá ni lójú náírà. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù, mo ti yáwó san owó ilé. Pọ́n-ùn là ń gbà, pọ́n-ùn náà là ń ná. Àwọn ará ilé gan-an gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kéèyàn tó kúrò nílé, torí àwọn náà ń bá wa ṣírò owó oṣù wa.

Mi ò ní kó má wá. Bí irú owó yẹn bá jẹ́ ti Sheffield tàbí Leeds, owó ilé ibẹ̀ á jẹ́ kó mí díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù náà ni, kó dúnàá-dúrà kó tó buwọ́ lùwé.

Ó pè mí padà lánàá. Ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà bóyá wọ́n lè bá a san owó ìlera yẹn. Wọn ò tíì fèsì.