Èsì wa fún Àǹtí tó ra yáàdì 6 fún fèrèsé pálọ̀: aṣọ náà ò dín, àwa la ò béèrè

Àǹtí wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrójú. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ọjà wa. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 lẹ fún wa. Ẹ ní aṣọ fẹ́lẹ́ aláwọ̀ mílíìkì tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Balógun, tí ẹ fẹ́ fi kọ́ rọ́ọ̀dù pálọ̀ yín ní Sùúrùlérè bí ìborùn, kì í dúró. Bí ẹ bá ti tan fáànù, ó ti ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kan ilẹ̀, èkejì ò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Ẹ ní áyọ́ọ̀nù mú un níbì kan, ó sì sún kì. Ẹ wá fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀: “Ó dá mi lójú pé wọ́n gé yáàdì mi jẹ.”

Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ àná, òun ni màá sì kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Yáàdì 1 jẹ́ ìńṣì 36, nítorí náà yáàdì 6 gbọ́dọ̀ pé ìńṣì 216. Bó bá fi ìńṣì 2 péré dín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, gbogbo owó yín ni màá dá padà, aṣọ náà á sì tún di tiyín. Ọ̀pá tí a fi ń wọnṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á. Òun náà fi tajà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó gé e rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo pe ọmọ tó dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ sọ pé fèrèsé yín fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, òun sì gé yáàdì 6 fún yín. Kò bi yín pé ibo lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ aṣọ náà parí sí. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú sísọ́ọ̀sì, torí irú aṣọ yìí ò dà bíi kọ́tìnì tí a ń rán. Orí rọ́ọ̀dù ló ń gbà kọjá, ó ń tẹ̀ kòdò díẹ̀ láàárín, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibi mẹ́ta ló ń jẹ aṣọ, ibì kan ṣoṣo la sì wọ̀n fún yín.

Nínú fọ́tò tí ẹ fi sí i, rọ́ọ̀dù yín yọ díẹ̀ kọjá fèrèsé lápá méjèèjì, ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Láti rọ́ọ̀dù dé ilẹ̀, bí ilé wa níbí ṣe sábà máa ń rí, á tó 7 àbọ̀. Ìlọ́po méjì ìyẹn jẹ́ 15. Ẹ fi 7 ti rọ́ọ̀dù kún un, ó di 22. Ẹ tún fi 1 àbọ̀ kún un fún ibi tó tẹ̀ kòdò àti ibi tí ẹ máa wé, ó di 23 àbọ̀. Yáàdì 8, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 24, ló máa tó o, èyí tí ẹ sì gbé lọ sílé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 péré. Bí apá kan bá ti kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ló máa kù fún èkejì, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ọ̀nà méjì ló wà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ kó kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀. Màá gé yáàdì 8 tó jẹ́ odidi, láìsí ìsọpọ̀, owó yáàdì 2 tó lé nìkan lẹ máa san. Màá gba ti àkọ́kọ́ padà pẹ̀lú ibi tó jóná lára rẹ̀. Kò sídìí tí ẹ fi máa gorí afárá Èkó wá sí Àpọ́ngbọ̀n nínú sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítorí àṣìṣe wa. Ọmọ tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fún wa á wá bá yín nílé, àwa la máa sanwó rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ò ní ná yín ní kọ́bọ̀, òun gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù fún pálọ̀ tí ọmọdé bá ń sáré nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì parí sísàlẹ̀ fèrèsé. Nínú 18, ẹ yọ 7, ẹ yọ 1 àbọ̀, 9 àbọ̀ ló kù. Ìyẹn jẹ́ ìńṣì 57 fún apá kọ̀ọ̀kan, bí rọ́ọ̀dù bá wà ní etí òkè fèrèsé ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4, á fi ìńṣì 9 kọjá etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń wuyì gan-an.

Ní ti yíyọ̀ yẹn, ẹ rántí bí ìborùn ṣe ń ṣe wá lóde àríyá. Bó bá jẹ́ aṣọ òkè, ibi tí ẹ fi í sí ló máa wà. Bó bá jẹ́ ṣífọ́ọ̀nù lórí léèsì tó ń dán, ẹ ó máa fà á sókè títí wọn á fi palẹ̀ àga mọ́. Rọ́ọ̀dù yín ń dán bíi dígí, aṣọ náà sì fẹ́lẹ́, kò sóhun tó máa di ara wọn mú. Ẹ wá àkísà aṣọ òwú, bóyá etí aṣọ ìbùsùn tó ti gbó, kí ẹ wé e mọ́ rọ́ọ̀dù níwájú hóòdà méjèèjì kí ẹ sì fi òwú dè é. Ẹ ká aṣọ náà sí méjì, ẹ fi òwú pupa sàmì sáàárín rẹ̀ gan-an. Ẹ wá máa ṣẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ léraléra, ìbú ọwọ́ kan ìbú ọwọ́ kan, bí ẹni ń ṣẹ́ gèlè, kí ẹ so ó wẹ́rẹ́ níbi mélòó kan kó má tú. Àmì pupa yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sáàárín rọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá dé orí àkísà, ẹ wé aṣọ náà mọ́ rọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa tú àwọn òwú náà. Fáànù á fẹ́ ẹ, kò ní bọ́. Tí ọ̀kankan nínú rọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ irin tó ti ń dípẹtà, àkísà yẹn náà ni kó gba gbogbo gígùn rẹ̀, torí ìpẹtà kì í tètè kúrò lára aṣọ funfun.

Áyọ́ọ̀nù: pólísítà ni aṣọ yìí, bí ooru bá ti pọ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Àmì tótó kan lórí áyọ́ọ̀nù ni kí ẹ lò, kì í kọjá nǹkan bí 110°C, kí ẹ sì fi aṣọ òwú lé e lórí. Ó yẹ ká ti sọ fún yín nígbà tí ẹ ń sanwó.

Ẹ tún kọ ọ́ pé bí èyí bá dára, ẹ máa ra ti kíṣìnì. Àǹtí mi, mi ò ní tà á fún yín. Fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù gáàsì kọ́ ni ibi aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Iná kékeré kan tó, á jó, á sì máa yọ́ kán sílẹ̀ bíi àbẹ́là. Bí wọ́n bá múná lọ, ẹ má gbé àbẹ́là sábẹ́ ti pálọ̀ náà.

Ọmọ tó ń tẹ fóònù nígbà tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀, mo ti bá a wí, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ fi èyí tí ẹ mú nínú ọ̀nà méjèèjì ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú gígùn rọ́ọ̀dù yín gan-an àti ìwọ̀n láti orí rẹ̀ dé ilẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gé e.