Omi Ẹran Kì í Ṣe Ẹran

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ wa sí ipò rẹ̀ kí wọ́n tó lọ: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọn kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún sùpàgẹ́tì, bóyá nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ Okun yóò jókòó níwájú iyán tó ń rú èéfín nínú ìlú Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí yóò sì ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun nítorí pé òun ti di vegan, ẹni tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹranko wá, bí ẹni pé iṣu a máa ní ìrù.

Níbi ìdáná ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nínú oṣù Kejìlá. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló sọ ọ́, ìyá alásè tó wà nídìí abọ́ sì kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ó béèrè pé, “Ṣé dókítà ló ní kí o má jẹ ẹran ni, àbí o wà nínú ààwẹ̀?” Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Rárá o, Màmá. Bí mo ṣe ń gbé ayé mi báyìí nìyẹn. Ẹ bá mi wá sùpàgẹ́tì.” Ìyá alásè wò ó láti òkè dé ilẹ̀, bí a ṣe ń wo ọmọ tó bá ní òun fẹ́ máa fi ọwọ́ òsì kí àgbà.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tó le, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Donald Watson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú orúkọ náà jáde ní 1944, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ajẹ̀fọ́ ìgbà yẹn, tí wọn kì í jẹ ẹran, ṣì ń mu wàrà, wọ́n sì ń jẹ ẹyin. Ẹni tó bá jẹ́ vegan ní tòótọ́ kì í jẹ ẹran, ẹja, edé, ìgbín, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà, títí kan oyin. Kì í sì í wọ bàtà aláwọ. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, tó ń lo oògùn fítámìn B12 nítorí pé ohun tí a ń kó láti oko kì í fúnni ní ìyẹn, tí kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èmi kò bá a wí.

Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó sọ ọ́ di aṣọ ẹbí. Kí ọdún tó yí, mo ti ka márùn-ún nínú wọn láàárín Kàbà sí Ìyàrá, yàtọ̀ sí àwọn ará Mọ̀pà àti Ìsánlú tí mo rí lórí Facebook. Wíwọ ẹgbẹ́ náà kò gba wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò se sùpàgẹ́tì, yóò fi ewé kan lé e lórí, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ara òun ti fúyẹ́. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí wọ́n fi se é. Sùpàgẹ́tì gùn, ó funfun, ó sì ń yí mọ́ fọ́ọ̀kì lọ́nà tó wu ojú. Ẹ̀bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀lé ìyá alásè lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ìdáná náà, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe sọ́rọ̀ ọmọ wa. Ìkòkò irin mẹ́ta wà lórí iná igi. Ó ṣí èyí tí wọ́n fi bọ adìẹ, ó fi ike bu omi rẹ̀, ó dà á sórí sùpàgẹ́tì tó ti ṣẹ́ sí méjìméjì, ọ̀rá adìẹ sì ń dán lójú omi náà ní róbótó-róbótó bí kọ́bọ̀ àtijọ́. Ó fọ́ máàgì mẹ́rin sí i. Ó bu ata díndín tí ẹja gbígbẹ ti rún sínú rẹ̀ lé e, ó pò ó pọ̀, ó rí egungun ẹja méjì, ó fi ìka yọ wọ́n, ó sì jù wọ́n sínú iná. Mo ní, “Màmá, ọmọ yìí ní òun kì í jẹ ẹran o.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ rí ẹran níbẹ̀? Omi ẹran kì í ṣe ẹran.”

Wọ́n gbé e fún ọmọ. Ó já ewé ẹfínrín kan nínú ọgbà, ó fi lé e lórí, ó yà á ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó jẹ ẹ́, ó sì ní òun kò tíì jẹ oúnjẹ vegan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Àbújá. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní ti èyí, adìẹ ló kú fún un.

Sùpàgẹ́tì fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Èyí tó gbẹ, tó wà nínú ọ̀rá lọ́jà, àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní durum àti omi ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ní ilẹ̀ Ítálì, òfin ti wà láti 1967 pé durum ni kí wọ́n máa fi ṣe pásítà gbígbẹ. Ẹranko kankan kò mọ̀ sí i. Pásítà ẹlẹ́yin ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí òfin Ítálì ní kí ẹyin adìẹ má dín ní mẹ́rin nínú kílò ìyẹ̀fun kan. Wọ́n ń kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀rá, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá nígbà tí iwájú rẹ̀ bá lẹ́wà?

Ọbẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀daràn. Carbonara, ẹyin ni, pẹ̀lú wàràkàṣì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Puttanesca a máa jọ ọbẹ̀ tòmátì lásán, ṣùgbọ́n àwọn ẹja kékeré oníyọ̀ kan ti yọ́ sínú rẹ̀ bí panla ṣe ń rún sínú ẹ̀fọ́. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni pesto, nítorí pé ó tutù lójú bí ewé: ewé kan tó jẹ́ ìbátan ẹfínrín wa ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ááyù àti òróró ólífì, kí wọ́n tó wá rẹ́ wàràkàṣì Parmigiano sí i. Kì í ṣe wàrà nìkan sì ni ẹ̀ṣẹ̀ Parmigiano, nítorí inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú ohun tó ń mú wàrà rẹ̀ dì, débi pé ajẹ̀fọ́ lásán pàápàá kò yẹ kó fẹnu kàn án. (Obìnrin Fúlàní tó ń ru wàrà kiri àdúgbò wa, omi ewé bomubomu ló fi ń mú tirẹ̀ dì, kò sì fi ìyẹn yangàn rí.) Ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n ń pè ní marinara mọ́ ní tirẹ̀, èyí tó jẹ́ ááyù àti òróró nìkan náà sì mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìwé òfin tiwọn, mo sì ti jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ní edé kì í ṣe ẹranko, èròjà ni. Wọ́n ní máàgì adìẹ kò ju iyọ̀ tí wọ́n ya àwòrán adìẹ sí lára lọ, àti pé ẹyin kò tíì di nǹkan kan. Orí pọ̀nmọ́ ni ìgbìmọ̀ náà ti pín sí méjì: ọ̀kan ní awọ ni, awọ kì í sì í ṣe ẹran, ṣebí bàtà ni wọ́n fi ń ṣe, èkejì rán an létí pé vegan kì í wọ bàtà aláwọ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ronú jinlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní máa wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdáná, ìyá mi se èkuru. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wé sínú ewé ni, wọ́n sì dín ata sí epo pupa, irú wooro wà nínú rẹ̀, kò sí ẹja, nítorí ẹja ti tán sínú sùpàgẹ́tì àná. Láti orí ewé tó wé e dé orí irú tó ń rùn nínú ata, ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, Donald Watson ì bá sì jókòó tì í láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọmọ wa ṣí ewé kan, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ má bínú, èyí kò lè jáde dáadáa. Ṣé sùpàgẹ́tì àná kò kù?”

Ó kù. Ìyá alásè rọ ọ́ kún ike kan fún un, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń pa nǹkan mọ́. Èmi ni mo wa ọmọ náà dé Lọ́kọ́ja kó lè wọ mọ́tò Àbújá, ẹ̀yìn ló sì jókòó sí, ó ń jẹun bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti Ọbájànà. Nígbà tí mo gbá mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, mo bá nǹkan kan lábẹ́ àga ẹ̀yìn, tí wọ́n fi bébà ìnuwọ́ wé dáadáa: egungun itan adìẹ, tí wọ́n ti họ mọ́ tónítóní, tí wọ́n sì ti fọ́ orí rẹ̀ fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Mo mú fóònù kí n fi pè é, ṣùgbọ́n mo rántí ìdájọ́ ìyá alásè, mo sì rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ẹran mọ́.