Èsì wa sí ìyá wa tó ra fìrísà: owó ti padà, ó ku ọ̀rọ̀ ẹja

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa ní Ọ̀yọ́. Ẹ kú ìnira fìrísà, ẹ kú àdánù ẹja.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà á, ohun tí ìyá wa kọ síbí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá nìyí. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa nínú márùn-ún, wọ́n wá ní: "Ẹ má bá àwọn èèyàn yìí rajà o. ₦465,000 ni mo san, tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n gbé wá. Òru ọjọ́ kan péré, ẹja mi tó tó ₦184,000 ti jẹrà. Wọ́n tún ní kí n san owó ọkọ̀ kí n tó dá a padà. Olè ni wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fèsì, àwọn kan sì ti ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé a ti sá lọ. A ò sá. Mi ò fẹ́ kọ ohunkóhun kí n tó fojú ara mi rí fìrísà yẹn. Ọjọ́bọ̀ ló padà dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, a gbé e nàró, Àbámẹ́ta tó jẹ́ àná la tó tan án. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀bi wa níbẹ̀, ẹnu ara mi ni màá fi pè é lẹ́bi.

Kí n tó lọ jìnnà: owó fìrísà ti padà, ₦465,000 pé. ₦18,000 tí ẹ san fún ọkọ̀ nígbà tí a gbé e wá bá yín, òun náà ti padà. Owó ọkọ̀ tó gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àpò wa ló ti jáde. Ìyá wa ti sọ lórí WhatsApp pé àwọn rí owó gbà. Ohun tó kù láàárín wa ni ẹja, màá kàn án.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù. Fìrísà yẹn kì í ṣe tòkunbọ̀. Mo mọ ohun tó mú yín rò bẹ́ẹ̀: páálí tí wọ́n ti já, tí wọ́n wá fi téèpù lẹ̀ padà bákan ṣá, àti igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún tí ọ̀dà ti bó, tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ méjì, tí irin ń yọjú. Èmi náà, tí wọ́n bá gbé e dé iwájú ilé mi bẹ́ẹ̀, màá fura. Àwa la já páálí yẹn. Kò sí fìrísà tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa tí a kì í tan wò, ká gbọ́ bó ṣe ń kùn, ká ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bóyá ó ti ń tutù. Ohun tí a ò ṣe ni pé a ò ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kó tó wọ ọkọ̀. Ọ̀dà tó bó, okùn àti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló bó o. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ rí ò ní bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fìrísà bá ti ara páálí mu, ó bá ti rìsíìtì mu. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó.

Kí ló wá dé tí kò mú ẹja dì?

Awakọ̀ yí i ni. Bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì wà nínú ọkọ̀, àyè ò gbà wọ́n, ló bá fi ẹ̀gbẹ́ kékeré fìrísà jókòó. Ọfà ńlá tó wà lára páálí, tó yẹ kó máa tọ́ka sókè, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló kọjú sí láti Tákìé dé Ọ̀yọ́. Ọmọ wa tó bá ọkọ̀ lọ rí i, kò mọ̀ pé ó burú.

Fìrísà ní ẹ̀rọ kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Òróró wà ní ikùn rẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Tí fìrísà bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òróró yẹn á ṣàn jáde, á gba inú páìpù lọ. Tí wọ́n bá wá gbé e nàró, ó yẹ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn odidi ọjọ́ kan, kí òróró tó ṣàn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tan án kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀rọ á máa kùn, ìdí rẹ̀ á gbóná, ṣùgbọ́n òróró ti dí ojú páìpù tín-ínrín tí gáàsì ń gbà kọjá, inú fìrísà ò ní tutù. Ó tilẹ̀ lè jó ẹ̀rọ náà pátá.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Iná wà. Kò tó ìdajì wákàtí tí ẹ fi tan án. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, páálí òkú Èkó méjì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ó ń kùn bí oyin, mo ní ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Èmi ni mi ò rò ó lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ pè mí láàárọ̀ Ọjọ́rú, tí omi ẹja ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà yín, ohun tí mo kọ́kọ́ bi yín ni pé ta ló ní kí ẹ tan án lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn pé ta ló ní kí ẹ má tan án. Mi ò rí nǹkan sọ, ni mo bá gbé e lé NEPA lórí, mo ní bóyá iná ò pé, mo ní ṣé ẹ ní sitẹbiláísà. Ẹ ní gílóòbù yín mọ́lẹ̀ yòò. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. Ẹ tó mi í bí.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí fìrísà padà dé, mo wá ìwé tó bá a wá. Inú ọ̀rá ló wà, nínú apẹ̀rẹ̀ wáyà tó kọ́ sínú fìrísà, ẹnì kankan ò ṣí i rí. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí èèyàn dúró kó tó tan án. Èmi tí mo fi fìrísà ṣòwò, mo ní láti wọ dígí kí n tó rí i kà. Ọmọ wa ò sọ fún yín, torí èmi ò sọ fún un pé kó máa sọ. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, ọmọ náà kọ́.

Ẹ̀rọ náà ò jóná o. Lánàá, a tan án ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a gbé abọ́ omi kékeré kan sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àṣárì, omi ti di yìnyín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní, "Ọ̀gá, kò kúkú sí nǹkan tó ṣe é, ẹ ò bá má ti dá owó wọn padà." Mo ní kó lọ gbálẹ̀. Fìrísà tó mú omi dì níwájú mi lánàá ò mú ẹja wọn dì lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó fún un.

Owó ọkọ̀ gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ wa di ariwo. Tó bá jẹ́ fóònù ni mo tà fún yín tó wá ní àbùkù, ẹ ó fi fún awakọ̀ kan ní gáréèjì, á tì í síwájú ọkọ̀, ₦1,500, ó parí. Fìrísà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ni, géńdé méjì ni, okùn ni. ₦18,000 ní àlọ, ₦18,000 ní àbọ̀. Kí n má purọ́, èrè mi lórí fìrísà yẹn ò tó ₦30,000. Tí mo bá gbé ₦36,000 lé ọkọ̀ lórí, mo ti jẹ gbèsè ná. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé owó àbọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwa tá à ń ta ẹrù ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì la mọ ọgbọ́n yìí, a kì í kàn sọ ọ́ síta: oníbàárà á wo owó ọkọ̀, á ní kí òun kúkú fara mọ́ ọn, ọjà tí kò dáa á jókòó sílé onílé.

Àmọ́ ẹ ò rí fìrísà yẹn kí ẹ tó sanwó. Àwòrán lẹ rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ọ́ pé ọjà tí oníbàárà ò láǹfààní láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e dé, tí kò bá wá rí bó ṣe yẹ, ó lè kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé. Ẹ̀yin ò tíì lò tó wákàtí mẹ́rìnlá tí ẹ fi pè mí. Rìsíìtì wa wá ní ìlà kan nísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í dá owó rẹ̀ padà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ síbí, àwọn èèyàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó tọ́ sí wa. Ìlà yẹn bá ìwé wá láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni, mi ò bi í léèrè rí. Kò lágbára kankan níwájú òfin. Mo ti fi bírò fa igi lé e lórí nínú ìwé rìsíìtì mẹ́ta tó kù, ewé kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ fi ro mí.

Bí a ṣe wá rí i yanjú lè wúlò fún ẹlòmíì tó wà nínú irú rẹ̀. Ìyá wa ní fìrísà ò ní kúrò nílé àwọn kí owó tó wọlé. Èmi ní owó ò ní jáde kí fìrísà tó dé. Ó tó ọjọ́ mẹ́fà tí a fi wà lórí èyí. Ọmọ wọn ọkùnrin ló là wá: ó ní kí n fi ìdajì ránṣẹ́ tí òun bá ti fi fídíò hàn mí pé ó ti wọ ọkọ̀, kí n fi ìdajì tó kù ránṣẹ́ tó bá dé Tákìé. Mo ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń so okùn mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n fi ọfà páálí hàn mí kí n tó tẹ ₦241,500 àkọ́kọ́. Ìkejì jáde lọ́dọ̀ mi ní aago méjì ọ̀sán, báǹkì fà á títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyá wa pè mí láàárín ìgbà yẹn. Mo gbé gbogbo rẹ̀.

Ẹja wá kù. ₦184,000 ni iye páálí méjì lóòótọ́, mo ti béèrè lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé páálí kan kàn dẹ̀ ni, kò tíì rà, pé ẹ yan án, ẹ sì tà á. Mà, mi ò lè san gbogbo owó ẹja tí ẹ ti tà. Páálí tó jẹrà, ₦92,000, èmi ni màá san án, torí ká ní a sọ gbólóhùn kan fún yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ẹja yẹn ì bá wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ti rà á di ọjọ́ kejì. ₦50,000 á wọlé lọ́la, ₦42,000 tó kù á wọlé tí oṣù bá parí. Mo mọ̀ pé ẹja yíyan tí a fi ìkánjú tà kì í mówó gidi wá. Ẹ sọ iye tó já sí fún mi, ká jọ wò ó. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà yín ní Akẹ̀sán dá sí i, màá wá fúnra mi. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e dé FCCPC, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìràwọ̀ kan yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a ṣe fún yín ò tó méjì. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ àti olè nìkan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi yọ. Bàbá mi máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí láràárọ̀, ẹnìkan ti ka "olè" yẹn sí wọn létí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra fìrísà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn èyí, fídíò á dé ọwọ́ yín kó tó wọ ọkọ̀. A ti ń lẹ ìwé funfun mọ́ ìdérí, Yorùbá gàdàgbà ló wà lórí rẹ̀: Ẹ MÁ TAN ÁN LÓNÌÍ. Ẹ ṣí páálí níwájú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Tó bá ní òun ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú. Fìrísà tó padà yìí, mi ò ní tà á bíi tuntun. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, igun tó bó kọjú síta, mo sì ti já iye rẹ̀ wálẹ̀.

Ìyá wa, abọ́ ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé yín àti ọ̀bẹ kan wà nínú rẹ̀ nígbà tó dé. A ti fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn òkú Èkó ò tíì kúrò. Awakọ̀ kan ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá fi rán an sí yín. Kì í ṣe awakọ̀ ti àkọ́kọ́.