Ta ló sọ fún yín pé oorun wákàtí mẹ́rin tó òṣìṣẹ́?

Ọkùnrin kan tí wọ́n pè wá bá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ ìwúrí níbi ìpàdé àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Benin, ló tún gbé e dé. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ lálẹ́, ohun tó sì mú òun là nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń sùn wákàtí mẹ́jọ ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta ayé rẹ̀ ṣòfò. Ẹnì kan bi í bóyá kì í rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ara mi ti mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ń ṣe mí." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ dìde dúró.

Ó ti sú mi. Lẹ́nu ọlọ́jà ni, lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì ni, lẹ́nu àwọn oní-zémidjan, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò ní Ouando ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọ̀lẹ ló ń sùn, akínkanjú kì í sùn, ara máa ń mọ́ ọn. Aránṣọ ni mí, mo ní ọmọṣẹ́ lábẹ́ mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Irọ́ ni. Ibi tí irọ́ náà sì ti pọ̀ jù ni "ara mi ti mọ́ ọn" yẹn, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn ènìyàn 48 ni wọ́n kó jọ, tí ara wọn dá ṣáṣá, ọjọ́ orí wọn kò ju 21 sí 38 lọ. Wọ́n pín wọn. Àwọn kan ń sùn wákàtí mẹ́jọ lálẹ́, àwọn kan mẹ́fà, àwọn kan mẹ́rin, fún òru 14 gbáko, lábẹ́ ìṣọ́. Àwọn kan sì wà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sùn rárá fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á máa dán wọn wò léraléra: nǹkan á ṣàdédé yọ lójú ẹ̀rọ, bí o bá ti rí i, kí o tẹ bọ́tìnì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni, ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ojú rẹ wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń sùn wákàtí mẹ́jọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn tó ń sùn mẹ́fà àti mẹ́rin, ńṣe ni tiwọn ń burú sí i lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Bí ara bá ń mọ́ àìsùn ni, ó yẹ kó burú fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó wá dúró síbì kan. Kò dúró. Títí tí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé ló ń lọ sísàlẹ̀, tí tiwọn fi wá rí bíi ti ẹni tí kò fojú kan oorun fún òru kan, fún àwọn mìíràn òru méjì. Àwọn tó ń sùn wákàtí mẹ́fà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa pè ní oorun àsùnwọra.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù fún mi nìyí. Wọ́n ń bi àwọn ènìyàn náà léèrè bí oorun ṣe ń kùn wọ́n tó. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n ní oorun ń kùn wá. Nígbà tó yá, ìdáhùn wọn dúró sójú kan, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́. Lójú tiwọn, ara ti mọ́ ọn. Lójú ẹ̀rọ tó ń ka ìṣìṣe wọn, wọ́n ṣì ń já wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin wa níbi ìpàdé nìyẹn gan-an. Ara rẹ̀ kò mọ́ nǹkan kan. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni òye tí ì bá fi mọ̀ pé nǹkan ti ń sọnù. Ẹ ò lè fi ẹ̀rí ẹni tí oorun ń pa gbe ọ̀rọ̀ oorun lẹ́sẹ̀, kò sí ọ̀mùtí tí kì í sọ pé ojú òun dá.

Mo sì dárúkọ ọ̀mùtí ní ìdí. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà, Dawson àti Reid, fi ẹni tí kò sùn wé ẹni tó mutí. Ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 láìsùn, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ṣe òpin fún awakọ̀. Bó bá di wákàtí 24, ó ti di 0.10. Ẹ wá ṣírò ti oní-zémidjan tó jí ní aago márùn-ún ìdájí kó lè gbé àwọn tó ń lọ síṣẹ́ ní Kùtọ́nú dé ibi ọkọ̀. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù tó ṣì wà lójú títì, wákàtí 17 ti pé. Kò fẹnu kan ọtí sódabì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìwọ àti ọmọ rẹ jókòó sí.

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, a kì í lọ sílé mọ́. Orí àwókù aṣọ lábẹ́ tábìlì la ti ń sùn, bí a bá tiẹ̀ sùn. Kọfí ni wọ́n ń fún wa mu, gbígbóná, tó dúdú bí oògùn. (Kọfí kò fi oorun kún ara ẹnikẹ́ni, ńṣe ló ń dí etí ọpọlọ kó má gbọ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.) Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Lóru ọjọ́ kan, ó ń rán bùbá lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ omi kan. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ tẹ́ ojú ìrán, tó ń gé òwú tó yọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Apá òsì ló rán mọ́ ọ̀tún, ó sì doríkodò. Kò tán síbẹ̀, ó ti fi àlùmọ́gàjí rẹ́ etí rẹ̀ mọ́ ojú ìrán gan-an, tí kò fi ní ṣeé tú. Ó gbé e sókè, inú rẹ̀ dùn, ó ní: "Ọ̀gá, ó ti tán." Ojú rẹ̀ là kedere. Bí ẹ bá bi í lóru yẹn, á ní kò sí ohun tó ń ṣe òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀gá wa ní ẹnì kan ló ti ba ọwọ́ ọmọ náà jẹ́ nílé wọn, kí wọ́n lọ wádìí. Wọ́n sì lọ wádìí lóòótọ́! Wọ́n náwó lé e. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ọmọ náà lọ sùn.

Nílé iṣẹ́ tèmi lónìí, mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo aṣọ tó bá padà wá fún àtúnṣe sí: ta ló rán an, àsìkò wo ló rán an. Ẹ ò ní bá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ léraléra. Àsìkò lẹ máa bá. Aṣọ tí a rán ní ọwọ́ alẹ́ ló pọ̀ jù, pàápàá lọ́sẹ̀ tí ọdún bá ku fẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ kan náà tó rán ọrùn aṣọ tó jókòó wẹ́kú láàárọ̀ ló rán èyí tó wọ́ lálẹ́.

"Ṣùgbọ́n bí a kò bá sùn, iṣẹ́ tó ń jáde ń pọ̀ sí i o, Ọ̀gá." Rárá. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ọta ìbọn lójú méjèèjì, wọ́n sì ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ṣiṣẹ́ láìsinmi, títí kan ọjọ́ Àìkú. Lọ́dún 1915 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wo ìlera wọn, ìgbìmọ̀ náà sì kọ wákàtí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ àti iye ohun tó ń jáde lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. John Pencavel, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tún ìwé ìṣirò náà yẹ̀ wò lọ́dún 2014. Bí iṣẹ́ bá ti kọjá bíi wákàtí 50 lọ́sẹ̀, èrè tó ń wà nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi kún un ń dínkù. Ẹni tó ṣe wákàtí 70, ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣe 56. Wákàtí 14 lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ Àìkú náà, iṣẹ́ wọn ló jó rẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ogun ni wọ́n ń jà, kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀.

Ní ti àìsàn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò fara sin. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ sọ ọ́: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu pé àrùn ọkàn á pa á sì fi ìdá 17 jù ú lọ. Wọ́n ní ó tó 745,000 ènìyàn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣekú pa lọ́dún 2016 nìkan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1998 fi wákàtí 40 sí ọ̀sẹ̀. Aránṣọ tó ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tó sì tì ní aago mẹ́jọ alẹ́, lọ́jọ́ mẹ́fà, ti ṣe 72, ta ló ń bá a kà á? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ṣubú lu máṣíìnì rẹ̀ tí apá kan ara rẹ̀ rọ, wọ́n á ní ayé ló ta á lọ́fà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ayé. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ná.

Àwọn kan á tún gbé ti ìfọ̀mọ́ ọpọlọ wá. Lọ́dún 2013, onímọ̀ ọpọlọ kan, Maiken Nedergaard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà sọ pé bí eku bá sùn, àyè tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, omi á wá máa ṣan ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ eku ni, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti bá a jiyàn lọ́dún 2024. Ó dára, mo ti sọ ọ́. N kò nílò rẹ̀, ti Pennsylvania tó mi.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ta ló jiyàn? Àìsùn kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń fi àwọn bàbá wa àgbà ṣẹ̀rí, ẹ rántí dáadáa: bí ilẹ̀ bá ṣú, kò síná, wọ́n á jẹun, wọ́n á pàlọ́ díẹ̀, wọ́n á sùn. Bí oòrùn bá kan àtàrí lóko, abẹ́ igi lẹ ti máa bá wọn. Àwọn ni kò sùn?

Ó kù àwọn tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, tí oorun díẹ̀ tó láti ìbí. Mo gbà pé wọ́n wà. Lọ́dún 2009, ikọ̀ onímọ̀ àbùdá kan, Ying-Hui Fu, ní Kalifóníà rí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí nǹkan kan nínú àbùdá wọn mú kí oorun díẹ̀ tó wọn. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń sùn? Ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Àwọn tí a wá káyé kí a tó rí gan-an ń sùn ju mẹ́rin lọ.

Bí ẹ bá ṣì rò pé ẹ wà lára wọn, ẹ má bi ara yín. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín níbi iṣẹ́ pé ìgbà mélòó lẹ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ bi ìyàwó tàbí ọkọ yín bí ẹ ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹ sì wò ó lọ́jọ́ ìsinmi: bí ẹ bá sùn títí oòrùn fi ga, gbèsè oorun lẹ ń san.

Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí nǹkan yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, kò dọwọ́ ọmọṣẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò lè sọ fún ọ̀gá pé òun fẹ́ lọ sùn. Níbi tèmi, aago mẹ́sàn-án la ń pa iná, ọdún dé, ọdún ò dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹni tó bá fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀, ẹní wà ní kọ̀rọ̀. Aṣọ lẹ́ẹ̀sì, àárọ̀ nìkan la ń gé e. Mo sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé bí Iléyá bá ti ku ọjọ́ mẹ́wàá, a kò gba aṣọ mọ́. Àwọn oníbàárà kan ń bínú, wọ́n ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó. Kí wọ́n tètè máa gbé aṣọ wọn wá ni.