Síìmù méjì ló dá wa dúró, kì í ṣe àìmọ̀
Oníròyìn kan kọ ọ́ pé àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbé nọ́ńbà wọn lọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Mi ò gbà. Láti ọdún 2013 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Nàìjíríà, ti gbé ètò yìí jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ dé Balógun, kí ẹ wo fóònù ọwọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà: síìmù méjì ló wà nínú ẹ̀. Tí ọ̀kan bá kọṣẹ́, wọ́n á bọ́ sórí èkejì. Kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ tò sí ọ́fíìsì fún?

Èmi gbé tèmi ṣá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kì í wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà, nọ́ńbà yẹn sì ni oníbàárà àti báńkì mọ̀. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun lẹ máa lọ o, kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹ ó sì fi "PORT" ránṣẹ́ sí 3232. Ẹ san gbèsè káàdì tí ẹ bá yá, kí ẹ lo èyí tó ṣẹ́ kù tán, torí kò ní bá yín lọ. (Ẹ kọ́kọ́ fi síìmù ẹlòmíì dán an wò níbi tí ẹ ti ń tajà. Èyí tó ń já fáfá ní Ìkòyí lè má mí rárá lọ́dọ̀ yín.)

Ohun tí oníròyìn ò mẹ́nu bà ni káàdì rírà. Ẹni tó bá rí 0803 á ti tẹ MTN, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà lè ti wà lórí Airtel. Ẹ yáa tètè sọ fún ará ilé kí wọ́n tó rà á.